Ẹ ti etí odò bẹ̀rẹ̀: Abẹ́òkúta lójú aránṣọ ará Òṣogbo

Ẹni tó bá ń mú àlejò rìn l'Ábẹ́òkúta, orí Olúmọ ló máa ń gbé e lọ tààrà. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Àwọn oníbàárà mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dé ìsọ̀ mi, wọ́n á ní àwọn ti rí Abẹ́òkúta tán. Tí n bá wá bi wọ́n pé odò ńkọ́, wọ́n á ní, "Odò wo?" Èmi ò gbà pé ẹni bẹ́ẹ̀ rí ìlú náà. Ìlú tí odò bá gba inú rẹ̀ kọjá, ibi omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe rìn ín nìyẹn: láti Láfẹnwá dé Ṣàpọ́n, láti Ṣàpọ́n dé Ìtòkú, kí n tó gun àpáta, kí n tó wá fi Aké kádìí ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, àfi ibi tí oòrùn ti mú jù tí mo sáré wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Kí ẹ lè mọ ojú tí mo fi wò ó: aránṣọ ni mí, Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun. Àdìrẹ ló gbé mi wá, kì í ṣe ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà sí ẹ̀bá Ọ̀ṣun kò lè dé ìlú olódò míì kó má yọjú sí omi wọn.

Àárọ̀ ni kí ẹ dé afárá Láfẹnwá, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lórí ẹ̀. Odò Ògùn ló ń ṣàn nísàlẹ̀ yẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mo lọ, omi ti fà, àwọn òkúta ńlá ti yọrí láàárín ẹ̀, lékeléke sì bà lé wọn. Òkúta tó wà nínú omi yìí àti èyí tó ga sókè lọ́hùn-ún, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ á yí padà. Omi á kún, ẹni tó kọ́lé sí bèbè á máa fi ojú kan sùn, pàápàá tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 lókè odò.

Odò Yemọja ni odò yìí. Ojúbọ ẹ̀ wà ní Ìbarà. Òrìṣà tí wọ́n ń bọ títí dé Brazil àti Cuba, omi ẹ̀ rè é, mi ò sì rí ibì kan tí àlejò lè fìdí lé kó wò ó lójú. Ilé kọ ẹ̀yìn sí i, ọjà kọ ẹ̀yìn sí i. Ohun tí mo bá ní bèbè ni ike omi inú ọ̀rá, táyà àti eérú ibi tí wọ́n ti dáná sun ìdọ̀tí. Lọ́dọ̀ tiwa, igbó Ọ̀ṣun ti wọ ìwé ibi àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 2005. Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, tí ọdún Ọ̀ṣun dé, ẹni tí kò bá tètè gba yàrá, ọ̀dọ̀ ẹbí ló máa sùn. Mi ò ní kí Ẹ̀gbá wá kọ́ ọdún lọ́wọ́ wa, wọ́n ní tiwọn. Bẹ́ǹṣì méjì lábẹ́ igi ni mò ń bẹ̀ wọ́n fún, kí ẹnì kan sì máa gbá bèbè. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù ni?

Ó dùn mí torí pé omi yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀nà ọjà wọn. Kí reluwé tó dé, nígbà tí odò bá kún, ọkọ̀ ojú omi ló ń kẹ́rù láti Èkó wá sí ebúté Arò. Òwú Ẹ̀gbá ló ń bá omi yẹn padà, ó dé Manchester. Láàárín 1850 sí 1860, àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ìjọ Áńgílíkà, àti oníṣòwò Manchester kan, Thomas Clegg, ló jọ ṣètò ẹ̀rọ tó ń ya kóró kúrò lára òwú fún ìlú yìí. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, ẹrù bọ́ sórí irin. Ojú irin yẹn ṣì gba Láfẹnwá kọjá, ó ṣì sún mọ́ omi. Reluwé tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 kò yà síbẹ̀ rárá. Láderin ni ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ wà, ó jìnnà sí àárín ìlú àtijọ́. Èrò àti ẹrù ti ṣí kúrò lẹ́bàá odò lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ẹ ò wá ní yà mí lẹ́nu tí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀ pé odò wà níbẹ̀.

Ṣàpọ́n ò gba àkókò púpọ̀, àmọ́ ẹ gbójú sókè. Nísàlẹ̀, ẹ máa rí páálí fóònù, bàtà òkìrìkà, ìsọ̀ POS. Lókè àwọn ìsọ̀ yẹn ni ilé alájà àtijọ́ wà. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tó sì já wọn sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti nǹkan bí 1839. Àwọn Sàró yìí àti àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Ọ̀kan wà tí mo dúró wò títí tí onílé fi jáde wá béèrè bóyá owó ilé ni mo wá gbà. Wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe òdòdó yí fèrèsé ẹ̀ ká, ìlẹ̀kùn pákó alápá méjì, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ti ń ṣí. Òdòdó fèrèsé ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ti ọwọ́ ọ̀tún, ó hàn pé kì í ṣe bírìkìlà kan ló ṣe méjèèjì. Kò sí àkọlé kankan lára ilé náà tó lè sọ ẹni tó kọ́ ọ tàbí ọdún tó kọ́ ọ. Onílé fúnra ẹ̀ ní, "Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ," ó sì padà wọlé.

Ìtòkú ni mo wá fún, ibẹ̀ ni mo sì pẹ́ sí jù. Ìsàlẹ̀ Olúmọ ni ọjà yìí wà. Ìsọ̀ fara kọ́ ìsọ̀, aṣọ rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, tí ẹ bá ń gba àárín wọn kọjá, aṣọ á máa gbá yín lójú. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa kọ́kọ́ pàdé yín: "Mọ́mì, ẹ yà wá! Tuntun ti dé, ẹ wulẹ̀ wò ó ná!" Ẹ dá wọn lóhùn, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ. Kàm̀pálà aláwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin ló pọ̀ níwájú ọjà, àti alábẹ́là, èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ tẹ bátànì sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn ni mò ń rán fún ẹgbẹ́jọdá jù. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sí láti òkè òkun, tó ń wọlé lówó pọ́ọ́kú. Ó ti wọ gbogbo ọjà ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ibí nìkan.

Bí mo ṣe ń dá a mọ̀ rè é. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Aró gidi máa ń wọ inú aṣọ dé ẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣá. Ẹ mú bátànì kan, bóyá ẹyẹ ni o, bóyá òṣùpá, kí ẹ gbé e lé ìkejì ẹ̀ níwájú. Tí méjèèjì bá bára mu láìyẹ̀ dé fọ́nrán kan, ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọwọ́ èèyàn kò lè ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé e sí imú, aró ní òórùn. Ẹ wo etí ẹ̀: aṣọ ẹ̀rọ sábà máa ń ní etí funfun tí wọ́n tẹ lẹ́tà sí. Ti oníko tún rọrùn. Ibi tí wọ́n ti fi ìko so ó máa ń hun jọ wẹ́wẹ́, ìka á mọ̀ ọ́n, àyàfi tí wọ́n bá ti lu aṣọ náà kó lè dán. Ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya bátànì sí kí aró má bàa wọ ibẹ̀, ni ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń tan àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jẹ. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà bátànì lè má hàn lẹ́yìn, àmọ́ ẹ̀yìn náà á dúdú ju iwájú lọ. Ẹ̀yìn tó dúdú, ẹ rà á. Èyí tó ṣá, ẹ fi í sílẹ̀.

Nínú lọ́hùn-ún ni mo ti bá ìyá àgbà kan lórí àpótí. Ó gbé aṣọ lé itan, ó ń fi èékánná yọ fọ́nrán kan tó dá yàtọ̀ kúrò. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní níbo ni mo ti wá. Mo ní Òṣogbo.

"Òṣogbo ìlú aró! Kí lo tún wá ń wá lọ́dọ̀ wa?"

"Ìyá, àwọn tó ń ṣe ẹlẹ́kọ ti ń tán lọ́dọ̀ tiwa."

"Wọ́n ń tán níbí náà, ọmọ mi. Ta ló fẹ́ fi ìyẹ́ adìyẹ ya aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́?"

Ó ṣí èyí tó wà lórí itan ẹ̀ fún mi. Ìbàdàndùn ni: òpó Gbọ̀ngàn Mápó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Aṣọ Ẹ̀gbá, òpó Ìbàdàn, oníbàárà Òṣogbo. Mo wo ojú ìlà náà dáadáa. Ibi tí ẹni tó yà á ti tún ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ìlà ibẹ̀ sanra díẹ̀, ó wá ń tín-ín-rín lọ títí yóò fi tún sanra. Láfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ yẹn, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i kó lè dì mọ́ aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rẹ ẹ́, títí yóò fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́, kí wọ́n tó ha ẹ̀kọ kúrò. Ewé èlú àti omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe aró láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ aláró òde òní, kọ́sítíìkì sódà àti aró oníyẹ̀fun ni wọ́n ń lò, torí kò gba ọjọ́ púpọ̀. Mo bi ìyá pé èwo ni tiẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n wo abẹ́ èékánná òun. Búlúù ni, kò sì lè ṣí mọ́.

Ìró ẹlẹ́kọ àtijọ́, ọ̀pá méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì tí wọ́n rán pọ̀ ni. Èyí náà rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi rán àárín ẹ̀, ó sì tọ́. Tí ẹ bá ra irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá fún irú wa pé kí a fi gé gáùn. Ẹ ró o, tàbí kí ẹ fi kọ́ ara ògiri. ₦30,000 ló pè é. Mo ní ₦24,000. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Aránṣọ ni ẹ́ ni àbí olè?" Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e, ó gbà á, ó gbàdúrà fún mi, ó sì tún fi gèlè oníko tó ti gbó díẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Kàm̀pálà ọ̀pá márùn-ún tí mo ti rà níwájú, ₦14,000 ni ọmọbìnrin yẹn pè é, mo san ₦10,500, kò sì gbàdúrà kankan.

Láfún tó ń di ẹ̀kọ lára aṣọ yẹn náà ni mo lọ jẹ. Ìyá kan ń tà á lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ewédú, ata, ẹja kíká. Àmàlà iṣu ni wọ́n fi tọ́ mi, nítorí náà òkèlè àkọ́kọ́ kan díẹ̀ lẹ́nu mi. Nígbà tó yá, mi ò rántí mọ́. Ewédú ò ní iyọ̀ tó, ẹja dùn, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ó sàn ju ilé oúnjẹ aláfẹ́fẹ́ tútù kan tí wọ́n júwe fún mi, tí wọ́n ti gbé ìrẹsì funfun báláú fún mi pẹ̀lú ayamáṣe lórí, tí wọ́n pè é ní ọ̀fàdà. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ìlú Ọ̀fàdà gan-an wà! Mo san owó, mo dákẹ́, mo jáde.

Wàyí o, Olúmọ. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà, àtẹ̀gùn wà. Tí orúnkún yín bá gbà, àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà, torí abẹ́ àpáta ni ọ̀rọ̀ wà ju orí ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Ìbàdàn tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ wá síbí ní 1830. Ihò àpáta tí wọ́n sá pa mọ́ sí wà níbẹ̀, òrùlé ẹ̀ kò ga, ẹ máa tẹ̀ ba ni. Ohun tó mú mi dúró ni àwọn kòtò róbótó tó wà lára ilẹ̀ àpáta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ ata àti ọkà. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó ń dán, ó jìn dé ọrùn ọwọ́ mi. Ẹni tó ń sá fún ogun kì í lọ ata títí òkúta á fi jìn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Afinimọ̀nà wa mọ ìtàn, ó sì ń dáhùn ìbéèrè. Ojúbọ wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń bọ, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé fóònù sókè.

Gíga orí ẹ̀ sí ojú òkun jẹ́ mítà 137. Páànù tó ti dípẹtà ló kọ́kọ́ kún ojú yín, ọ̀kan lórí èkejì, títí tí ojú fi ń wá ibi tí yóò dúró sí. Ẹ wá wo ìhà ìwọ̀ oòrùn. Odò Ògùn ni ìlà tó ń dán yẹn. Ẹni tó ti ibẹ̀ gòkè wá nìkan ló lè fi ìka tọ́ka sí ọ̀nà tó gbà. Apá ibẹ̀ náà ni ogun Dàhòmì, tòun tàwọn jagunjagun obìnrin wọn, gbà wá ní 1851, tí wọ́n kọlu ìhà Arò, tí Ẹ̀gbá lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864. Ọdún yẹn ni Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò tó kó ohun ìjà fún ìlú, gba oyè Ìyálóde Ẹ̀gbá. Tí ẹ bá ń kọjá ní Ìta Ìyálóde, ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń rántí níbẹ̀.

Aké tutù lẹ́yìn gbogbo ariwo ọjà. Ìjọ Pétérù Mímọ́ ni wọ́n kà sí ìjọ Kristẹni tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, kọ́kọ́ dé ìlú yìí ní 1843, òun àti Àjàyí Crowther wá fìdí múlẹ̀ ní 1846. Abẹ́òkúta yìí ni Àjàyí ti rí ìyá ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Ní 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Gbọ̀ngàn Centenary tí wọ́n kọ́ ní 1930 fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú kò jìnnà síbẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí dára fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì. Iwájú ààfin ni tèmi. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ọjà, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, ti wá jókòó, tí wọ́n ń kọrin tako owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ọdún 1946 ni ẹgbẹ́ wọn di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, nígbà tó di 1949, Aláké Ladápọ̀ Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, kó tó padà ní 1950. Àwọn aláró àti aláṣọ wà nínú àwọn obìnrin yẹn. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbì kan tí èrò Ìtòkú á máa rí i.

Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ bi ilé ìtura tí ẹ bá yàn léèrè agogo tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Ti ibi tí mo sùn, ọ̀gànjọ́ ni, kò sì sí lára ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Tí ẹ bá wọ reluwé wá láti Èkó tàbí Ìbàdàn, kẹ̀kẹ́ tàbí takisí ló máa gbé yín láti Láderin wọ ìlú, ẹ ná owó ẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ Ìsinmi lọ Ìtòkú, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló máa tì. Ẹ sì mú káàṣì dání dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó wà nínú lọ́hùn-ún: ìyá tèmi ní òun ò gba tírànsífà lọ́wọ́ ẹni tí òun ò mọ ilé ẹ̀.